Bí ohun àtijọ́, ohun àná àti ohun ìgbàlódé ṣe lè jọ gbé inú ilé kan: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ó pẹ́ tí mo ti ń bá èèyàn tún inú ilé tò, àwọn ìbéèrè kan sì wà tí mi ò lè wọ ilé ẹnikẹ́ni kí wọ́n má bi mí. Mo kó wọn jọ síbí. Bí mo ṣe máa ń dáhùn wọn lẹ́nu ni mo ṣe kọ wọ́n. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti pọ̀, mo sọ ọ́ délẹ̀. Níbi tí kò bá sí ọ̀rọ̀ púpọ̀, mo kọjá.

Kí ló ya ohun àtijọ́ sọ́tọ̀ lára ohun àná?

Ọjọ́ orí ni. Ohun tí àwọn oníṣòwò ń pè ní antique ni mo ń pè ní ohun àtijọ́, ìyẹn ohun tó ti pé ọdún 100 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin owó ibodè wà lára ohun tó jẹ́ kí iye ọdún yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀. Lọ́dún 1930, òfin Amẹ́ríkà sọ pé ohun tí wọ́n bá ti ṣe ṣáájú 1830 ni àwọn máa kà sí antique tí kò ní san owó ibodè. Nígbà tó di 1966, wọ́n yí i padà sí ohun tó bá ti lé ní ọdún 100 lọ́jọ́ tó wọ̀lú. Láti ìgbà náà, kò sí ọdún tí ohun àtijọ́ tuntun kì í dé.

Ohun àná ni vintage. Kò sí òfin tó dè é. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọjà gbà ni pé kó ti tó ogún ọdún, kó má sì tíì pé 100. Àwọn tó ń ṣe wáìnì ló ni ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ọdún tí wọ́n kórè èso àjàrà ni wọ́n fi ń sọ. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, torí pé ohun àná gidi máa ń gbé ojú ọdún tirẹ̀ wá. Ẹni tó bá ti mọ àga àwọn ọdún 1950 dáadáa kò ní ṣì í mú fún ti 1980.

Ohun ìgbàlódé ńkọ́? Ṣé ohun tuntun ni?

Nínú ojú ewé yìí, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí oníṣòwò bá pe nǹkan ní "modern", ẹ bi í pé ọdún wo ni wọ́n ṣe é, torí ọ̀nà ìṣe kan ló sábà máa ń ní lọ́kàn. Bauhaus, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tí Walter Gropius dá sílẹ̀ ní Weimar ní Jámánì lọ́dún 1919, tí wọ́n sì tì pa ní 1933, ni orísun ọ̀pọ̀ ohun tí ojú wa ń kà sí tuntun títí dòní. Àga onípáìpù irin tí Marcel Breuer gbé jáde nígbà tó wà níbẹ̀, ní nǹkan bíi 1925, ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí. Ohun ìgbàlódé ti ń di ohun àtijọ́ lójú wa.

Ṣé wọn ò ní bá ara wọn jà bí mo bá kó wọn sójú kan?

Ọjọ́ orí kì í bá ọjọ́ orí jà. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí, inú rẹ̀ ni gbogbo ìdáhùn yòókù ti jáde: ohun méjì tí wọ́n fi igba ọdún ju ara wọn lọ lè jókòó pọ̀, bí ohun kan ṣoṣo bá pa wọ́n pọ̀, tí ẹ sì fún wọn láyè láti mí.

Ohun tó pa wọ́n pọ̀ yẹn lè jẹ́ àwọ̀. Ó lè jẹ́ ohun tí wọ́n fi ṣe wọ́n, bí idẹ tó wà lára férémù ògbólógbòó, tó tún wà lẹ́sẹ̀ fìtílà tí ẹ rà lóṣù tó kọjá. Ó lè jẹ́ ìrísí: dígí tó rí róbótó, tábìlì tó rí róbótó, abọ́ tó rí róbótó, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wá láti ìgbà tirẹ̀.

Ẹ wo àga onígi títẹ̀ tí Michael Thonet gbé jáde lọ́dún 1859, èyí tí wọ́n ń pè ní nọ́ńbà 14. Igi mẹ́fà, súkúrù mẹ́wàá àti nọ́ọ̀tì méjì ni gbogbo rẹ̀. Ooru omi ni wọ́n fi ń tẹ igi náà, kò sì ní ọnà kankan lára. Ẹ gbé e ti tábìlì dúdú oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n ṣe láyé ìgbà tirẹ̀ gan-an, wọn yóò mọ ara wọn. Ẹ gbé e ti tábìlì funfun tí kò ju ọdún méjì lọ, wọn yóò tún mọ ara wọn, torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ìlà rẹ̀ sì mọ́. Nígbà tí Le Corbusier, gbajúmọ̀ ayàwòrán ilé, kọ́ ilé kan síbi ìpàtẹ ńlá ti Paris ní 1925 láti fi han aráyé bí ilé ọjọ́ iwájú ṣe yẹ kó rí, àga onígi títẹ̀ ti Thonet ló kó sínú rẹ̀.

Ohun tó máa ń jà gan-an ni ìwọ̀n. Kọ́bọ́ọ̀dù gàgàrà tó ga dé àjà, tí àga pẹlẹbẹ kan tí kò ga ju orúnkún lọ wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò máa dà bí ẹni pé ó fẹ́ wó lù ú. Ẹ fi nǹkan tí gíga rẹ̀ wà láàárín sí àárín wọn, fìtílà olópòó tàbí òdòdó inú ìkòkò, ara yóò sì tù yàrá náà.

Mélòó ni kí ti àtijọ́ jẹ́, mélòó ni kí ti tuntun jẹ́?

Ẹ jẹ́ kí ìgbà kan jẹ́ onílé, kí àwọn yòókù jẹ́ àlejò. Bí ohun mẹ́jọ nínú mẹ́wàá bá jẹ́ ti òde òní, àwọn méjì tó jẹ́ ti àtijọ́ ni ojú gbogbo èèyàn máa bà lé. Bó bá jẹ́ márùn-ún sí márùn-ún, yàrá náà á dà bí ṣọ́ọ̀bù.

Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Lára ohun tí ẹ ti ní. Ẹ kó gbogbo nǹkan kéékèèké kúrò lórí tábìlì, lórí pẹpẹ, lójú fèrèsé, kí ẹ kó wọn sínú àpótí. Ẹ fi yàrá náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Èyí tí ọkàn yín bá ń wá láàárín ọjọ́ méjì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ dá padà.

Bó bá wá di pé ẹ fẹ́ ra ohun àtijọ́ àkọ́kọ́, ẹ ra èyí tó máa ṣiṣẹ́: àpótí tí aṣọ máa wọ̀, dígí tí ẹ máa wò láràárọ̀, tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ohun tí wọ́n kàn ń nù ní eruku lásán máa ń sú èèyàn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti pẹ́ lóòótọ́?

Ẹ fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀ jáde pátápátá, kí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀. Ibẹ̀ ni òtítọ́ máa ń wà, torí pé kò sẹ́ni tó ń ṣe ìdí dúrọ́ọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹ wo igun tí pákó iwájú ti pàdé pákó ẹ̀gbẹ́. Ẹ máa rí eyín igi tó fẹ̀ lórí, tó tín-ín-rín nídìí, tó wọnú ara wọn bí ìgbà tí èèyàn bá ki ìka ọwọ́ bọ ìka ọwọ́. Bí eyín náà kò bá dọ́gba, tí ìlà tínínní tí káfíńtà fi irin fà kó tó gé e ṣì wà níbẹ̀, ọwọ́ èèyàn ló gé e. Bí gbogbo wọn bá dọ́gba délẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ láti apá ìparí ọ̀rúndún 19 síwájú.

Ẹ yí pákó náà sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo ipa ayùn. Ipa tó bá tọ́, tí wọ́n ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, jẹ́ ti ayùn tó ń lọ tó ń bọ̀. Ipa tó bá tẹ̀ bí ọrun jẹ́ ti ayùn róbótó, èyí tó gbilẹ̀ nínú ọ̀rúndún 19.

Ẹ má gbàgbé pé igi máa ń sún kì ní ìbú, ṣùgbọ́n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sún kì rárá ní gígùn. Nítorí náà, ojú tábìlì onígi tó rí róbótó nígbà tí wọ́n ṣe é kò ní rí róbótó mọ́ lẹ́yìn igba ọdún. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n lọ́nà méjì. Bí ọ̀kan bá fi díẹ̀ kéré sí ìkejì, ẹ̀rí tó dára nìyẹn. Súkúrù tó ní àmì agbélébùú lórí kò tíì sí lọ́jà káàkiri kó tó di àwọn ọdún 1930. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ lára àpótí tí wọ́n ní wọ́n ṣe ní 1850, yálà ẹnì kan ti tún un ṣe, tàbí wọ́n ń tàn yín jẹ. Ẹ sì wo ibi tó jẹ. Ọwọ́ kì í kan ibi gbogbo: etí dúrọ́ọ̀, apá àga, ọ̀pá ìsàlẹ̀ tí ẹsẹ̀ máa ń gùn, ibẹ̀ ló yẹ kó ti jẹ. Ohun tó bá jẹ dọ́gba láti òkè délẹ̀, sáńpépà ló jẹ ẹ́.

Ní ti àwo tánganran, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Òfin owó ibodè tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1890 ló ní kí ọjà tó bá ń wọlé máa ní orúkọ orílẹ̀-èdè tó ti wá lára, nítorí náà àwo tó bá ní "England" tàbí "France" lábẹ́ kì í sábà dàgbà ju àkókò náà lọ. Fàdákà tó bá ní 925 lára, ìdá 925 nínú 1,000 rẹ̀ ló jẹ́ fàdákà gidi. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń lu àmì orí àmọ̀tẹ́kùn sára fàdákà tó kúnjú ìwọ̀n láti ọdún 1300. Ṣùgbọ́n àmì nìkan kò tó. Idà méjì tó dábùú ara wọn, tó jẹ́ àmì ilé iṣẹ́ Meissen ní Jámánì, wà lára àwọn àmì tí àwọn aláfarawé tíì dà kọ jù láyé.

Ṣé kí n fọ̀ ọ́ kó máa dán?

Mo bẹ̀ yín, ẹ dúró ná.

Mo ra ọ̀pá àbẹ́là idẹ kan nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin tó ti pẹ́ nínú ìgò. Ó dúdú nínú ọnà ewé tí wọ́n fín yí i ká, ó sì mọ́lẹ̀ díẹ̀ ní ọrùn, níbi tí ọwọ́ ti ń dì í mú. Mo da ọṣẹ irin sí i, mo fi kànìnkànìn irin gbo ó fún wákàtí kan. Nígbà tí mo nù ún gbẹ, ó ń dán yanran bí ohun tó ti ilé iṣẹ́ jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà. Dúdú inú ọnà náà ti lọ, àwọn ewé náà kò sì hàn mọ́, torí pé dúdú yẹn ló ń jẹ́ kí ojú rí wọn. Ibi tó mọ́lẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, àmì ọwọ́ gbogbo àwọn tó ti gbé e rìn lóru, kò sí mọ́. Kò sí ohun tí mo lè ṣe tó máa dá a padà lójú ayé mi.

Àwọn àgbà ló ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àwọ̀ tí ọjọ́ orí fi sára nǹkan ni àkísà rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ohun tuntun kò lè ní nìyẹn.

Búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ rọ̀ ni kí ẹ máa fi gbọn eruku. Igi fẹ́ ìda díẹ̀, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, kí ẹ fi aṣọ òwú nù ún títí ọwọ́ kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má fín oògùn inú agolo tó ní sílíkónì sí i, torí ó máa ń dí ẹni tó bá fẹ́ tún ojú igi náà ṣe lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n kàn fi fàdákà bò lójú, ẹ má máa gbo ó léraléra. Fàdákà náà fẹ́lẹ́, yóò jẹ tán, irin abẹ́ rẹ̀ yóò sì yọjú.

Ṣé mo lè kun ohun àtijọ́ lọ́dà?

Bó bá jẹ́ igi gidi tí ojú rẹ̀ ṣì wà bí wọ́n ṣe ṣe é, èmi ò ní kùn ún. Bó bá jẹ́ ohun àná tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ yanturu, tí ẹlòmíràn sì ti kùn nígbà mẹ́ta ṣáájú yín, ẹ kùn ún bó ṣe wù yín. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ara yín ni pé: ṣé ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí ṣeé dá padà?

Báwo ni mo ṣe máa to nǹkan kéékèèké sórí pẹpẹ?

Ẹ jẹ́ kí n fi pẹpẹ kan tí mo tò ṣàlàyé. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 120, nǹkan 19 ló sì wà lórí rẹ̀ nígbà tí mo débẹ̀, gbogbo wọn tò lẹ́sẹẹsẹ bí ọmọ iléèwé. A kó 13 kúrò.

Apá òsì ni a gbé ìkòkò amọ̀ àtijọ́ kan sí, tó ga, tí ara rẹ̀ rí háráhárá. Níwájú rẹ̀, díẹ̀ sápá ọ̀tún, a fi ìwé méjì lélẹ̀ lórí ara wọn, a sì gbé bọ́ọ̀lù gíláàsì kékeré kan lé wọn. Ohun àná ni gíláàsì náà, àwọ̀ búráùn sì wà nínú rẹ̀ bí èéfín. A fi férémù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ògiri lẹ́yìn wọn, kò dúró ṣánṣán, ìkòkò náà sì bo igun rẹ̀ kan. Lẹ́yìn ìyẹn, a fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40 sílẹ̀ lófìfo. Ní ìparí apá ọ̀tún, abọ́ funfun tuntun kan tí kò ní ọnà.

Àlàfo yẹn ló ṣe iṣẹ́ náà. Onílé fẹ́ fi nǹkan dí i lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó fara dà á fún ọ̀sẹ̀ kan. Búráùn ìkòkò, búráùn ẹ̀yìn ìwé àti búráùn inú gíláàsì ló pa apá òsì pọ̀. Abọ́ funfun náà kò jọ wọ́n rárá, ṣùgbọ́n ó jìnnà tó láti dá dúró. Àwọn 13 tí a kó kúrò wà nínú àpótí, wọ́n á máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Ibo ni kí n gbé àwòrán àti dígí kọ́ sí?

Ẹ jẹ́ kí àárín àwòrán wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 145 sí 150 sílẹ̀. Bó bá wà lókè sófà, ẹ má jẹ́ kí àlàfo tó wà láàárín wọn ju 15 sí 20 lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn á dà bí ẹni tí kò mọra. Ohun kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀ ni kí n fi férémù àtijọ́ tó kún fún ọnà sí àwòrán òde òní, kí n sì fi férémù dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ sí àwòrán àtijọ́.

Dígí tí ojú rẹ̀ ti ní àmì dúdú tó-tò-tó kò bàjẹ́. Ṣáájú kí Justus von Liebig tó rí ọ̀nà láti fi fàdákà bo ẹ̀yìn gíláàsì ní 1835, irin funfun tí wọ́n ń pè ní tin òun mákúrì ni wọ́n ń fi sẹ́yìn dígí. Ẹ má fọwọ́ họ ẹ̀yìn irú dígí bẹ́ẹ̀, torí májèlé ni mákúrì. Ẹ gbé e kọ́ síbi tó máa kó ìmọ́lẹ̀ jọ, kó má jẹ́ èyí tí ẹ fi ń fárùngbọ̀n.

Irú iná wo ló bá a mu?

Gílóòbù tí wọ́n kọ 2700 K sí lára (K ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀), torí ó pọ́n díẹ̀ bí iná àbẹ́là, igi àti idẹ sì fẹ́ràn rẹ̀. Fìtílà mẹ́ta kéékèèké tí gíga wọn yàtọ̀ dára ju iná kan ṣoṣo láàárín àjà lọ. Fìtílà àná tí ẹ bá rà, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná pààrọ̀ wáyà rẹ̀ kí ẹ tó tàn án.

Oòrùn ni ọ̀tá. Àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí kì í sábà jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó ń bà lé aṣọ àti ìwé àtijọ́ ju lux 50 lọ (lux ni wọ́n fi ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó). Ẹ ò ní lè ṣe bẹ́ẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n ẹ má kọ́ aṣọ àtijọ́ sójú fèrèsé. Àwọ̀ tó bá ti ṣí kò ní padà.

Ilé mi kéré. Ṣé mo lè gbé nǹkan ńlá sí i?

Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀kan. Ohun ńlá kan máa ń jẹ́ kí yàrá kékeré fọkàn balẹ̀. Ohun kékeré mẹ́wàá ló máa ń há a mọ́.

Ewu wo ló wà nínú ohun àtijọ́, pàápàá níbi tí ọmọdé bá wà?

Ọ̀dà tó ní òjé ni àkọ́kọ́. Ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà tó fòfin de òjé nínú ọ̀dà ilé, nítorí náà ohun tí wọ́n kùn ṣáájú ìgbà náà lè ní in lára. Ẹ má fi sáńpépà ha á, torí eruku rẹ̀ ló ń ṣe ọpọlọ ọmọdé ní jàǹbá. Aago àtijọ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ máa ń tàn lókùnkùn lè ní radium nínú, èròjà tó ń tú ìtànṣán eléwu jáde. Wọ́n ń lò ó títí wọ àwọn ọdún 1960. Ẹ má ṣí ojú rẹ̀. Àwo àtijọ́ tó ń dán, ẹ fi ṣe ọ̀ṣọ́, ẹ má jẹun nínú rẹ̀, torí òjé lè wà nínú ohun tí wọ́n fi kùn ún. Bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọwọ́ tó jẹ́ ti àtijọ́, ẹ kó aṣọ sínú rẹ̀. Ẹ má tẹ́ ọmọ sí i. Kọ́bọ́ọ̀dù gíga tàbí àpótí onídúrọ́ọ̀ gbọ́dọ̀ ní irin tó so ó mọ́ ògiri. Ẹ so ó lọ́jọ́ tó wọlé gan-an.

Mo rí ihò wínníwínní lára igi. Ṣé kí n jù ú nù?

Ihò náà lè ti pẹ́, kí kòkòrò tó lu ú sì ti lọ tipẹ́. Bí etí ihò bá mọ́, tí inú rẹ̀ funfun, tí lẹ́búlẹ́bú sì ń jáde, kòkòrò ṣì wà níbẹ̀. Ẹ tẹ́ ìwé dúdú sábẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí igi yòókù. Nǹkan kékeré tí kò ní gọ́ọ̀mù tàbí ọ̀dà ẹlẹgẹ́ lára ṣeé fi ọ̀rá wé pinpin, kí ẹ gbé e sínú fírísà tó tutù dé ìwọ̀n 18 sísàlẹ̀ òdo (-18°C) fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun ńlá, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ṣé ohun kan wà tí kò yẹ kí n rà rárá?

Eyín erin. CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tó lè kú run, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, àti òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ti de òwò rẹ̀ gan-an, ohun àtijọ́ pàápàá sì ń béèrè ìwé ẹ̀rí. Igi rosewood ti Bràsíl náà wà lábẹ́ ìdè tó le jù nínú àdéhùn yẹn láti 1992, ọ̀pọ̀ ohun ọ̀ṣọ́ àwọn ọdún 1950 àti 1960 ni wọ́n sì fi ṣe. Ẹ béèrè ìwé rẹ̀ kí ẹ tó gbé e kọjá ibodè.

Àdàkọ ńkọ́?

Bí wọ́n bá tà á fún yín gẹ́gẹ́ bí àdàkọ, kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Àwọn nǹkan kan wà tí wọn kò tíì dáwọ́ ṣíṣe wọn dúró pàápàá: wọ́n ṣì ń ṣe àga Thonet yẹn, nọ́ńbà 214 ló ń jẹ́ báyìí.

Mo jogún nǹkan kan tí mi ò fẹ́ràn. Kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n máa ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí, lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí mo bá ti fẹ́ máa lọ. Ẹ kọ́kọ́ gbé e kúrò níbi tó wà. Àpótí tó ń da ojú pálọ̀ rú lè jẹ́ ohun tí yàrá bẹ́ẹ̀dì ti ń retí. Ẹ yọ aṣọ orí rẹ̀, ẹ yọ gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀, kí ẹ wò ó níhòòhò. Nígbà mìíràn, ohun tí wọ́n kó lé e lórí ni ẹ kórìíra.

Bí ọkàn yín kò bá ṣì gbà á, ẹ bi àwọn ẹbí bóyá ẹnì kan ń fẹ́ ẹ. Bó bá jẹ́ àwo méjìlá tó jọra, ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ gbé e síbi tí ẹ ti ń kọjá lójoojúmọ́, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ilé sínú rẹ̀. Mọ́kànlá yòókù lè lọ.